Ṣọ́ọ̀bù awò ojú tó mọ̀ pé ọmọdé máa ń purọ́

Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yìí sí ti ṣá débi pé èmi tí mo fi awò sójú kò rí i kà láti ìsàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù awò ojú ni o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Nítorí náà ẹni tó bá ń wá wọn, kó má wulẹ̀ wá orúkọ. Ojú ọ̀nà Ibrahim Taiwo níbí ní Ìlọrin ni wọ́n wà, níbi tí àwọn tó ń ta fóònù àtàwọn tó ń ta bàtà ti ń pe ènìyàn bí ẹni pé ó jẹ wọ́n ní gbèsè. Ẹ gbójú sókè, ẹ wá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, ẹ óò rí àwòrán ojú ńlá kan lára fèrèsé. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, kò sì sí ohun tí ènìyàn lè dì mú. Màmá àgbà kan tí mo bá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ti jókòó sí àárín méjì, ó ní òun ń sinmi kí òun tó lọ gbọ́ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gun àtẹ̀gùn yẹn láàárín oṣù méjì, kì í sì í ṣe nítorí ojú tèmi. Ọmọ kíláàsì mi kan ni mo mú lọ. Màá sọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó bí mi nínú, màá sì sọ iye tí a san. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ràn wọn kò ní yé yín bí mi ò bá kọ́kọ́ sọ bí èmi fúnra mi ṣe tan àwọn tó wá yẹ ojú wò jẹ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án.

Pàkátà ni wọ́n bí mi sí. Bíi gbogbo ọmọ àdúgbò, ilé ìwé láàárọ̀, ilé kéwú lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ní ilé kéwú, èmi ni Àáfáà máa ń pè bí àlejò bá dé, pé kí n wá kà. Orí itan ni mo máa ń gbé wàláà mi lé, màá tẹ orí ba débi pé tàdáwà á máa yí mi nímú. Bí mo bá délé, ìyá mi á ní, "Ìwọ yìí, ṣé ò ń kà á ni, àbí ò ń gbọ́ òórùn rẹ̀?" Kò sẹ́ni tó ro ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. Ọmọ tó bá ti mọ súrà rẹ̀, kí ni ti imú?

Ilé ìwé ńkọ́? Olódo pọ́nńbélé ni mí níbẹ̀. Pátákó jìnnà. Ohun tí tíṣà bá fi ẹfun kọ sára rẹ̀, bí ògì tó dà sílẹ̀ ni mo ṣe ń rí i, funfun tó ń ṣàn wọ inú ara wọn. Mi ò mọ̀ pé lẹ́tà làwọn yòókù ń rí. Ibẹ̀ yẹn ló máa ń ṣòro fún àgbàlagbà láti gbà. Ọmọ tí kò ríran jìnnà láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò ríran, torí ó rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ọpọlọ làwọn ẹgbẹ́ òun fi jù òun lọ. Ìwé ẹni tó jókòó tì mí ni mo máa ń wò kọ. Bó bá ṣì í, èmi náà á ṣì í. Tíṣà á pe àwa méjèèjì jáde, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni pàṣán máa bà, nítorí èmi lolódo. Mo tún Púráímárì Kẹta kà. Àbúrò mi tí mo fi ọdún kan ṣáájú bá mi níbẹ̀, bẹ́ǹṣì kan náà la sì jókòó sí látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí.

Nínú ọdún yẹn ni àwọn kan wá sí ilé ìwé wa láti yẹ ojú wò. Wọ́n so páálí lẹ́tà mọ́ ara ògiri, wọ́n ní ká tò. Ẹni kẹtàdínlógún ni mí lórí ìlà. Ẹ rántí pé ọmọ ilé kéwú ni mí o, ohun tí mo bá fi etí gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti wọlé nìyẹn. Kó tó kàn mí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mẹ́rìndínlógún. Mo fi ọwọ́ bo ojú kan, mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ bí ẹni ń ka Fátíhà. Ọkùnrin náà fi bírò máàkì iwájú orúkọ mi, ó ní, "Ojú tìẹ mọ́ kedere." Inú mi dùn! Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa pàsì nínú ọgbà yẹn nìyẹn.

Àyẹ̀wò yẹn ló fi ọdún mẹ́rin kún ìyà mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní bóyá ojú ló ń ṣe ọmọ yìí, wọ́n á ní rárá, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, olódo lásán ni.

Kọ́pà kan tí wọ́n rán wá kọ́ wa ní ìṣirò ní JSS 2 ló já a. Ó kíyè sí i pé bí aago ìsinmi bá lù, mi kì í sáré jáde, iwájú pátákó ni mo máa ń sáré lọ kí wọ́n tó nù ún. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ya ẹ̀yìn ìwé kan, ó fi ẹnu kọ́ńpáàsì lu ihò bíńtín sí i, ó ní kí n jókòó sí àyè mi, kí n di ojú kan, kí n fi èkejì yọjú wo pátákó láti inú ihò náà. Ògì dì, ó di ẹ̀kọ. Mo rí "x", mo rí "y", mo rí ìlà tó fà sábẹ́ ìdáhùn. Ihò tó kéré bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ráyè da nǹkan rú, ìyẹn ló fi máa ń jẹ́ kí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dá ṣáká díẹ̀. Bí ihò bá ran ojú lọ́wọ́, a jẹ́ pé awò lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Ìyá mi gbọ́, ló bá gba Òjà Ọba lọ, ó ra awò lórí àtẹ bọ̀. Awò àwọn bàbá ni, èyí tí wọ́n fi ń ka Kùránì bí ọjọ́ orí bá ti dé sí ojú, tó wà fún ẹni tí kò rí ìtòsí. Tèmi, ọ̀ọ́kán ni mi ò rí. Mo fi sójú, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń kọsẹ̀ kiri ilé torí mi ò fẹ́ kí owó ìyá mi ṣòfò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra awò orí àtẹ fún ọmọdé.

Bí mo ṣe di tíṣà kò ní ògo kankan nínú. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe, máàkì JAMB kò débẹ̀. NCE ló gbà mí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ tí wọ́n fi pàṣán lé kúrò ní Púráímárì Kẹta, ibẹ̀ náà lo tún fẹ́ padà sí lọ gba owó oṣù?" Ọjọ́ kìíní tí wọ́n rán mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, ní ilé ìwé kan lọ́nà Àjàṣẹ́-Ìpo, bẹ́ǹṣì tó gbẹ̀yìn pátápátá ni mo kọ́kọ́ lọ jókòó sí kí n tó fọwọ́ kan ẹfun. Àwọn ọmọ ń fi mí ṣẹ̀rín. Mo fẹ́ mọ bí pátákó ṣe rí láti ibẹ̀ ni. Títí dòní, kò sí kíláàsì tí wọ́n gbé mi lọ tí mi ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Nǹkan wà tí wọn kò kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, tó jẹ́ pé ìyà ló kọ́ mi. Ọmọ tí kò rí pátákó ní ọgbọ́n lọ́wọ́ ju èyí tó rí i lọ. Bí kíláàsì bá ń kà á papọ̀, ẹnu tirẹ̀ máa ń kẹ́yìn díẹ̀, ó ń gbọ́ kó tó sọ ni. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó mọ̀wé jù ló máa ń wá àyè sí, bí wọ́n bá gbé e kúrò, á ní inú ń run òun. Òun náà ló máa ń bẹ̀bẹ̀ lójoojúmọ́ pé kí ẹ jẹ́ kí òun nu pátákó. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ọmọ dáadáa ni. Ó ń wá ọ̀nà tó máa gbà sún mọ́ ọn ni.

Bí mo ṣe mú ọmọbìnrin yìí nìyẹn. Ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì mi, òun ló sì ń nu pátákó láti ọjọ́ tí a wọlé. Mo mú páálí oníhò jáde nínú dúrọ́ọ̀ mi (mi ò lè wà láìní í), mo ní kó yọjú. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìyẹn ni?"

Ó yá, ṣọ́ọ̀bù.

Ènìyàn méjì la bá níbẹ̀: ọmọkùnrin kan nídìí káńtà, àti ìyá kan tó ń yẹ ojú wò nínú yàrá. Bẹ́ǹṣì ìdúródeni wà lẹ́bàá ẹnu yàrá náà. Kọ́tìnì ni ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ìmọ́lẹ̀ NEPA, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé, síbẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ nínú yàrá ń dé etí wa ketekete. Ọmọ kan ń ka lẹ́tà. Mo wo ọmọ tèmi. Ó ti dákẹ́, ètè rẹ̀ sì ń mì.

Nígbà tó kàn wá, mo bá a wọlé. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Holland kan, Herman Snellen, ló ṣe irú pátákó lẹ́tà tí wọ́n ń lò yẹn ní 1862, lẹ́tà ńlá lókè, tí wọ́n ń kéré sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mítà 6 ló yẹ kí ẹni tó ń kà á fi jìnnà sí i. Yàrá wọn kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n wá gbé pátákó kọ́ sẹ́yìn orí ọmọ, wọ́n gbé dígí sí iwájú rẹ̀, mítà 3 lọ, mítà 3 bọ̀. Wọ́n ti tẹ lẹ́tà ibẹ̀ lódìlódì kí dígí lè tò ó padà. Èyí wú mi lórí. Mo ti dé ibòmíràn tó jẹ́ pé ibi tí ògiri bá parí sí ni wọ́n á ní kí ènìyàn dúró, kí wọ́n ṣáà ti rí awò tà.

Ọmọ náà bo ojú ọ̀tún, ó ka gbogbo rẹ̀. Kò ṣi ẹyọ kan.

Ọkàn mi já. Ohùn yẹn ni mo dá mọ̀. Ohùn ẹni tó ń ka súrà ni, kì í ṣe ohùn ẹni tó ń wo nǹkan. Mo ti fẹ́ la ẹnu, ìyá náà wò mí, ó mi orí díẹ̀. Kò bá ọmọ wí. Ó kàn dìde, ó yí pátákó náà sí ẹ̀yìn kejì. "E" nìkan ló wà níbẹ̀, òmíràn kọ ẹsẹ̀ sókè, òmíràn sí ìsàlẹ̀, òmíràn sí apá òsì. Ó ní, "Má pe nǹkan kan o. Fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ sí." Ọwọ́ ọmọ náà gbéra, ó dúró nínú afẹ́fẹ́. Kò wo dígí mọ́, ojú mi ló ń wò. Ó ń wá ìdáhùn lójú èmi tíṣà rẹ̀, bí mo ṣe máa ń wá a lójú tíṣà tèmi.

Ìyá náà ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ kọjú sí ògiri."

Mo kọjú sí ògiri. Mo wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fìyà jẹ, mo ń wo kàlẹ́ńdà, etí mi wà lẹ́yìn. Mo gbọ́ tó sọ fún un pé, "Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́ níbí. Bí o ò bá rí i, sọ pé o ò rí i. Òun gan-an ni mo fẹ́ gbọ́." Nǹkan dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn kékeré kan ní, "Mi ò rí i, mà." Ó tún ní, "Ìyẹn náà, mi ò rí i." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ohùn rẹ̀ ń yọ sókè, àfi bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún.

Mo ti fún wọn ní máàkì tí mo máa fún wọn kí n tó yí ojú padà.

6/60 ni ojú ọ̀tún, 6/36 ni ti òsì. Ìtumọ̀ 6/60 ni pé ohun tí ẹni tí ojú rẹ̀ dá lè kà láti mítà 60, ọmọ yìí ní láti sún mọ́ ọn dé mítà 6. Bẹ́ǹṣì kẹrin ló sì ń jókòó sí. Wọ́n fi fíréèmù irin kan sí i lójú, ìyá náà ń ki awò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, "Èyí ni, àbí èyí? Èyí, àbí ti àkọ́kọ́?" Kò kánjú rárá. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú.

Bàbá ọmọ náà ti dé nígbà yẹn. Marúwá ló ń wà, ó páàkì sí ìsàlẹ̀, ó ń fi ojú kan ṣọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ohun tí gbogbo wa ti gbọ́ rí, pé awò máa ń ba ojú jẹ́, pé bí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ kò ní lè bọ́ ọ mọ́. Ìyá náà dá a lóhùn dáadáa. Ó ní ẹyin ojú ọmọ náà ló gùn ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwòrán fi ń balẹ̀ kó tó dé ibi tó yẹ kó dé. Ó ní awò kọ́ ló fà á, bí ara ọmọ bá sì ṣe ń dàgbà ojú náà lè máa gùn sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n á fi máa mú un wá lọ́dọọdún. Ó gbé awò náà fún un kó fọwọ́ pa á, kó rí i pé àárín rẹ̀ fẹ́lẹ́, etí rẹ̀ nípọn. Bàbá pa á, ó ní ó dà bí àwo.

Káńtà ni wàhálà wà. Wọn kò kọ iye sára fíréèmù kankan. Ọmọkùnrin yẹn wo bàtà mi, ó wo bàbá ọmọ, ó ní ₦14,000. A ná an dé ₦9,000. Àyẹ̀wò jẹ́ ₦3,000, awò inú rẹ̀ ₦12,000, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦24,000. Ó tún fẹ́ tà wá ní awò aláwọ̀ búlúù tó ní ó ń lé ìmọ́lẹ̀ fóònù sẹ́yìn, ₦8,000 lórí tàkọ́kọ́. Mo bi í pé fóònù wo. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, pátákó ni kò rí. Bàbá rẹ̀ san ₦10,000 sílẹ̀, wọ́n sì gbà kó san ìyókù lọ́jọ́ tó bá wá gbé e. Wọ́n fún wa ní rìsíìtì. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn obìnrin máa mọ rírì rẹ̀. Kí wọ́n tó wọn fíréèmù, ìyá inú yàrá bèèrè pé, "Ṣé lábẹ́ híjáàbù ni ẹsẹ̀ awò máa wà, àbí lórí rẹ̀?" Tèmi tí mo rà níbòmíràn, wọn kò bèèrè, oṣù mẹ́ta ló fi há mi létí. Ó fa kọ́tìnì, ó jẹ́ kí ọmọ náà wọ híjáàbù ilé ìwé rẹ̀ dáadáa, ó mú fíréèmù ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ tí kò tẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn etí, ó ní kó bẹ̀rẹ̀, kó gbọn orí. Kò yọ̀.

Wọ́n ní ká wá gbé e ní Ọjọ́bọ̀. A lọ ní Ọjọ́bọ̀, kò tíì dé. Ìta ni wọ́n ti ń gé awò, wọ́n sì mọ̀ pé kò tíì dé, nọ́ńbà fóònù mi wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò pè. Mo dáwó ọkọ̀ lórí òfo, mo sì fi kíláàsì mi lé ẹni tí kò bá wọn ṣe nǹkan kan lọ́wọ́. Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì ni a tó rí i gbà. Ọmọkùnrin káńtà kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà ti rí i báyìí." Ìyẹn ló gba máàkì kan lọ́wọ́ wọn. Àpò awò tí wọ́n fún wa gba ìdajì, síìpù rẹ̀ já kí ọ̀sẹ̀ tó parí, agolo pẹ́ńsùlù ni ọmọ ń kó o sí báyìí. Àtẹ̀gùn yẹn gba máàkì kan. Nínú mẹ́wàá, méje àti ààbọ̀ ni mo fún wọn, iṣẹ́ inú yàrá nìkan ì bá gba mẹ́wàá géérégé.

Nínú kórópe tí a wọ̀ padà, láti Taiwo dé Geri Alimi, kò sí pátákó tí ọmọ náà kò kà sókè. Báǹkì, bírédì, aṣọ òkè, ìpolówó olóṣèlú, "Má ṣe tọ̀ síbí". Ìyá kan tó gbé wàrà lé itan ní, "Ọmọ yín mọ̀wé o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò nu pátákó mọ́. Bí mo bá pè é, á ní ó ti rẹ òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ìdè kan bọ́ lára ẹsẹ̀ awò náà. Mo gbé e lọ, wọ́n fi òmíràn sí i láìgba kọ́bọ̀, wọ́n sì fọ̀ ọ́ mọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn nígbà ìrun, ẹ lọ láàárọ̀. Ẹ bèèrè ìyá inú yàrá, bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì mú ọmọ dání, ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀bá kọ́tìnì yẹn. Ẹ jẹ́ kó dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú yín títí wọ́n á fi pè é.